Oògùn Tó Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Wa

Ẹ lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó oògùn sí. Mo mọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀, torí pé ilé àwa Yorùbá ní Manchester fara jọra. Calpol àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ìdérí ẹ̀ ti lẹ̀. Paracetamol wà níbẹ̀, páálí kan láti Tesco, òmíràn láti Aldi. Ibuprofen wà níbẹ̀. Róòbù wà níbẹ̀. Tí Màmá bá ti Ìbàdàn wá kí yín lọ́dún tó kọjá, Alábùkún á wà níbẹ̀, àti ìgò àgbo kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò lè sọ ewé tó wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ní igun, ẹ máa rí páálí co-codamol kan tí dókítà kọ fún ẹnì kan nígbà kan, tí onítọ̀hún ò lò tán.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ oògùn olóró nílé wa, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù yẹn là ń rò. Ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni àwọn tó dúró gbagidi bí ère ní Piccadilly Gardens lọ́dún 2017, nígbà tí Spice gbòde, tí àwòrán wọn kún inú ìwé ìròyìn. A máa ń fi ìka hàn wọ́n, a ó sọ fún ọmọ pé, “Ṣé o rí i? Má bá irú àwọn yẹn rìn o.” Ọmọ á ní òun ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Kò yẹ kó parí síbẹ̀. Ilé ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ rí bí èèyàn ṣe ń lo oògùn. Ó ń wo ìyá ẹ̀ tó ń da hóró méjì sẹ́nu kó tó lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Ó ń wo bàbá ẹ̀ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ lórí fóònù pé, “Mo ní èyí tó lágbára, wá mú díẹ̀.” Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà.

Ọ̀rọ̀ tí a jogún

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ilẹ̀ yìí ni wọ́n sì bí mi sí. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó kọ́ Yorùbá fúnra mi, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè àti fóònù tí mo fi ń yọ àwọn àbúrò màmá mi lẹ́nu. Ẹni tó bá dàgbà kó tó kọ́ èdè máa ń dúró wo ọ̀rọ̀ tí àwọn onílé ń bá kọjá. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni “oògùn”. Èyí tí nọ́ọ̀sì fún wa, oògùn ni. Èyí tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, oògùn ni. Èyí tí babaláwo sè, oògùn náà ni. A fi “olóró” kún ọ̀kan ká lè yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni. Lójú tèmi, ọgbọ́n wà níbẹ̀: ohun tó lè wo èèyàn lè pa èèyàn. Ìwọ̀n ló ya méjèèjì.

Òwe kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀: oògùn tí ò bá jẹ́, ewé ẹ̀ kan ló kù. Òwe dáadáa ni. Àmọ́ ní ilé wa ní Manchester, a ti yí i padà di “fi hóró kan kún un”. Orí ò tíì yé fọ́? Lo méjì sí i. Ẹ̀yìn ṣì ń ro yín? Ẹ gba tèmi, ó le ju tiyín lọ. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ewé tó kù máa ń jẹ́ oògùn. Nígbà mìíràn, oorun ni. Nígbà mìíràn, omi ni, tàbí kí èèyàn fi iṣẹ́ kejì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni “bárakú”. Ẹ tú u wò: ohun tó bá ara kú. Ọ̀rọ̀ náà le. Ó dà bíi pé wọ́n ti dájọ́ fún onítọ̀hún tán. Màá padà sórí ẹ̀.

Manchester mọ̀ ọ́n tipẹ́

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé ìṣòro Òyìnbó ni èyí, àwọn Òyìnbó kan sì ń sọ pé àwọn àlejò ló kó o wá. Ìtàn ìlú tí à ń gbé fún àwọn méjèèjì lésì.

Manchester ni wọ́n bí Thomas De Quincey sí ní 1785, bàbá ẹ̀ ń ṣòwò aṣọ. Ní 1804, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìrora orí àti eyín mú un, ó lọ ra ọ̀píọ̀mù ní kẹ́míìsì ní London. Kò lọ bá ẹnikẹ́ni ní kọ̀rọ̀ o. Orí káńtà ni wọ́n ti tà á fún un. Ó gbé e kiri títí ó fi kú ní 1859. Ìwé tó kọ nípa ẹ̀ ní 1821 ló sọ ọ́ di olókìkí, inú ìwé yẹn ló sì ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ní Manchester ń ra hóró ọ̀píọ̀mù lọ́jọ́ Sátidé, torí pé owó iṣẹ́ wọn ò tó ra ọtí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ ọwọ́. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí gígùn nídìí ẹ̀rọ òwú máa ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Kí ọmọ má bàa sunkún, wọ́n á fún un ní Godfrey's Cordial, omi dídùn kan tí ọ̀píọ̀mù wà nínú ẹ̀. Friedrich Engels, tó gbé ìlú yìí, kọ nípa ẹ̀ ní 1845. Ọmọ á sùn. Àwọn kan ò jí mọ́. Ọdún 1868 ni òfin tó kọ́kọ́ fi títa ọ̀píọ̀mù sọ́wọ́ àwọn apoògùn nìkan jáde. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1898, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta heroin. Oògùn ikọ́ ni wọ́n pè é nígbà yẹn.

Àwọn ìyá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ wọ́n, owó ò sí, ẹni tó tà á fún wọn sì ní kò léwu. Ẹ rántí wọn tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan nínú wa ń sọ pé òun ní oògùn ikọ́ kan tó ń mú ọmọ sùn dáadáa nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó.

Kódíìnì àti tramadol nílé

Ní òpin oṣù Kẹrin 2018, BBC gbé fíìmù kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ta oògùn ikọ́ tí kódíìnì wà nínú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ kejì, 1 oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé bẹ̀, ilé aṣòfin àgbà ti sọ ní 2017 pé ó lé ní mílíọ̀nù 3 ìgò tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ní ìpínlẹ̀ Kano àti Jigawa nìkan.

Tí ẹ bá ń rò pé ti Òkè Ọya nìyẹn, ẹ dúró ná. Nínú ìwádìí tí àjọ UNODC àti àjọ tó ń ṣètò ìṣirò ní Nàìjíríà ṣe, tí wọ́n parí ní 2018, èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn kan ní ìlòkulò láàárín ọdún kan. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ 5.6. Ẹkùn tó sì pọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà ni Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ tiwa: 22.4. Èèyàn mílíọ̀nù 4.6 ló lo àwọn oògùn apàrora alágbára, bíi tramadol, kódíìnì àti mọ́fíìnì, láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Ẹ wò ó, oògùn ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn.

Ohun tí wọ́n ń fi tramadol ṣe yàtọ̀ síra. Awakọ̀ ń lò ó kó má bàa rẹ̀ ẹ́. Alágbàṣe ń lò ó kó lè gbẹ́rù. Ìwọ̀n tí àjọ NAFDAC gbà láàyè fún hóró kan ò ju 100 miligíráàmù lọ, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ 200 àti 225 ń wọlé láti òkè òkun. Ní oṣù Kejì 2025, BBC tún fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń po oògùn méjì pọ̀, tapentadol àti carisoprodol, tí wọ́n ń kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà á ní ìgboro. Íńdíà fòfin dè é láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí ló kan àwa tó wà ní Manchester? Àpótí ìrìn-àjò kan wa. Ẹ̀gbọ́n tó dé láti Èkó pẹ̀lú oògùn ẹ̀yìn ríro tó “ń ṣiṣẹ́ gan-an” lè má mọ̀ pé tramadol wà lábẹ́ òfin oògùn olóró níbí láti 2014, ní ìpele C. Ìpele B ni kódíìnì. Ẹni tó bá pín èyí tí dókítà kọ fún un fún ẹlòmíì, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì jẹ́ fún àbúrò ẹ̀, ti rú òfin, ìjìyà ẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. “Gba tèmi” tí à ń fi ìfẹ́ sọ lè di ẹjọ́.

Ẹ má sì gbàgbé My Pikin. Ní òpin 2008, oògùn eyín híhù fún àwọn ọmọ ọwọ́ ni, wọ́n ń tà á ní ọjà gbangba ní Nàìjíríà. Kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọ inú ẹ̀. Ó pa ọmọ tó lé ní 80. Oògùn tí a kò mọ ibi tó ti wá, ẹ má fún ọmọ.

Ọjọ́ mẹ́ta

Ẹ mú páálí co-codamol yẹn, ẹ ka ara ẹ̀. Èyí tí kẹ́míìsì ń tà láìsí ìwé dókítà máa ń sọ ọ́ gbangba pé ó lè di bárakú, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni kí èèyàn lò ó. Kò sí ẹni tó ń kà á. Ní oṣù Kejì 2024, MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ yìí, kéde pé oògùn ikọ́ tó jẹ́ ti kódíìnì kò ní kúrò lórí káńtà mọ́ láìsí ìwé dókítà, torí pé àwọn èèyàn ń rà á fún nǹkan mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ń pò ó mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ń pè é ní lean. Láti Houston ní Amẹ́ríkà ni àṣà yẹn ti wá, orin ló gbé e kiri.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ kódíìnì di mọ́fíìnì. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ́ra, kò ní rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà nínú ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì yára jù, ìwọ̀n kékeré á di mọ́fíìnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mímí á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ojú lásán ò lè mọ irú èyí tí ọmọ yín ní. Ìdí nìyí tí MHRA fi sọ ní 2013 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ò gbọ́dọ̀ lo kódíìnì fún ìrora. Tí èèyàn bá sì ń lò ó lójoojúmọ́, ọpọlọ á mọ̀ ọ́n lára, ìwọ̀n àná ò ní tó mọ́ lónìí. Tó bá dá a dúró lójijì, ara á gbọ̀n, òógùn á bò ó, imú á máa dà, oorun ò ní wá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìyá ò mọ̀. Oògùn orí fífọ́ fúnra ẹ̀ máa ń fa orí fífọ́. Ẹni tó bá ń lo paracetamol tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tàbí èyí tí kódíìnì wà nínú ẹ̀ ní ọjọ́ 10, fún bí oṣù mẹ́ta, lè rí i pé orí ń fọ́ òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á wá lo sí i. Ní ibi iṣẹ́ mi, tí aago ìkìlọ̀ bá ń dún lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó kàn pa aago yẹn láìwo ìdí tó fi ń dún ò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Paracetamol ńkọ́? Oògùn rere ni, bí a bá mọ ìwọ̀n. Hóró 8 tó jẹ́ 500 miligíráàmù ni àgbàlagbà lè lò mọ ní wákàtí 24, wákàtí mẹ́rin ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ṣùgbọ́n paracetamol wà nínú co-codamol. Ó wà nínú Lemsip. Ẹni tó bá lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan lè kọjá ìwọ̀n láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì máa san gbèsè ẹ̀. Èyí tó burú ni pé ara onítọ̀hún lè le koko fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìṣòro tó hàn. Torí ẹ̀ ni òfin fi dín iye tó lè wà nínú páálí kan kù láti 1998: 16 ní ilé ìtajà lásán, 32 ní kẹ́míìsì.

Alábùkún wá ńkọ́? Mo mọyì ẹ̀ gan-an. Jacob Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé, ló dá a sílẹ̀ ní 1918. Ọmọ Yorùbá tó ṣe oògùn lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, tó ṣì wà lọ́jà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún! Ẹ sọ ìtàn ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fún wọn mu. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú ẹ̀, wọn kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin nílẹ̀ yìí àfi tí dókítà bá ní kí wọ́n fún un, torí ó lè fa àìsàn kan tó ń mú kí ọpọlọ wú, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí Màmá bá fẹ́ fún ọmọ, kí a fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Màmá, ẹ ṣeun, dókítà ibí ò fẹ́ ká fún ọmọdé ní èyí.” Màmá á bínú díẹ̀. Inú ẹ̀ á rọ̀.

Ọmọ tó ń ka hóró

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Ó gbà kí n sọ èyí, tí n kò bá ti dárúkọ ẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Gbígbé èèyàn sókè, gbígbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà kọ co-codamol. Ó ń lò ó fún ọdún méjì, èyí tí dókítà kọ àti èyí tó ń rà kún un. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sè fún àríyá, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 14, ló mọ̀. Ó ti ń ka káàdì oògùn inú dúrọ́ọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Mummy, mẹ́fà ló wà níbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó ti ku ẹyọ kan.” Wẹ́sìdeè ni ọjọ́ yẹn.

Àǹtí ní, “Ṣé ọlọ́pàá mi ni ẹ́ ni?” Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó jáde. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun dé ibi iṣẹ́, òun jókòó sínú ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, òun ò lè wọlé. “Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹ̀ o,” ni ohun tó sọ fún mi. “Mi ò kàn mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ alẹ́ yẹn láìlò ó.”

Ó lọ bá GP ẹ̀. Wọn ò bú u, wọn ò sì pe ọlọ́pàá, ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ nìyẹn. Wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó gba oṣù márùn-ún. Ó ní àwọn ọjọ́ kan wà tó dà bí ibà, tí òun ń gbọ̀n lábẹ́ dúfé méjì. Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá fún ẹ̀yìn. Ó kúrò ní iṣẹ́ alẹ́, owó dín kù, wọ́n sì ṣọ́wọ́ ná. Ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì ń dùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀ ò ka nǹkan kan mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní màá padà sórí “bárakú”. Ọ̀rọ̀ náà ní kò ní kúrò títí ikú. Àǹtí ní irọ́ ni. Nínú ilé tiwa, “ó ti mọ́ ọn lára” là ń sọ báyìí, torí ohun tó mọ́ni lára, a lè fi í sílẹ̀ bí a bá rí ìrànlọ́wọ́. Tí ẹnì kan bá sì ń lò ó báyìí tó ń ka èyí: ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín. Ẹ bá GP tàbí apoògùn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì. Àwọn ọmọ wa kan ní sickle cell, tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tí ìrora yẹn bá dé, wọ́n nílò mọ́fíìnì, kíákíá sì ni. Ní oṣù Kọkànlá 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan ní Westminster gbé ìròyìn jáde tó fi hàn pé ilé ìwòsàn máa ń fi irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìrora, pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ò gbà wọ́n gbọ́, bíi pé oògùn lásán ni wọ́n wá wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bárakú gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ tó ń jẹ̀rora. Oògùn tí wọ́n fún un ní ìwọ̀n, lábẹ́ ojú dókítà, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Bí a ṣe lè bá wọn sọ ọ́

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, gbólóhùn kan tó fún un: “Oògùn kì í ṣe ṣúìtì. Mọ́mì tàbí Dádì ló ń fún ẹ.” Ẹ má fi adùn tan ọmọ láti mu oògùn, kó má bàa lọ wá a fúnra ẹ̀. Kí kọ́bọ́ọ̀dù náà ga, kó sì ní kọ́kọ́rọ́.

Láti ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kó ka ara páálí fún yín. Kí ni orúkọ ẹ̀? Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Hóró mélòó? Lẹ́yìn wákàtí mélòó? Ìgbà wo ló máa bà jẹ́? Ọmọbìnrin mi ń ṣe é pẹ̀lú mi ní Yorùbá, ó sì fẹ́ràn láti máa bá mi wí pé, “Dádì, wákàtí mẹ́rin ò tíì pé.”

Fún àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ sọ òótọ́, ẹ sì béèrè ju bí ẹ ṣe ń sọ lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣé o ti tọ́ ọ wò?” Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kí ni wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ ní ilé ìwé yín?” Ẹ sọ fún un pé gáàsì inú balúùnù ti di oògùn ìpele C láti oṣù Kọkànlá 2023. Ẹ sọ fún un pé nínú vape tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé 38 ní England, tí Yunifásítì Bath yẹ̀ wò ní 2024, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́fà ni Spice wà nínú ẹ̀. Ọmọ tó rò pé òun ń fa èso lè máa fa ohun tó mú àwọn ará Piccadilly dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àdéhùn kan tí ẹ ò ní yẹ̀: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, tàbí sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, kó pè yín ní aago yòówù, ẹ máa wá, ìbáwí di ọjọ́ kejì.

Tí ẹ bá rí ẹni tí kò ṣeé jí, tó ń mí díẹ̀díẹ̀ tàbí tó ń han-run lọ́nà tó ṣàjèjì, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ wo ètè, èrìgì àti èékánná, ibẹ̀ ló ti máa ń hàn tó bá ti ń di búlúù tàbí eérú. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣì ń mí. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sọ pé ẹ ń mú un bì. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ fi páálí oògùn náà han àwọn tó bá wá. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone tó lè dá mímí ẹni tó lo kódíìnì, tramadol tàbí heroin ní àlòjù padà, àwọn ilé ìrànlọ́wọ́ lórí oògùn sì máa ń fún àwọn ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ paracetamol ni wọ́n lò jù, kódà bí ara ọmọ le, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé.

Tí ẹ bá kàn fẹ́ béèrè ìbéèrè láìdárúkọ ara yín, ẹ pe FRANK lórí 0300 123 6600. NHS 111 náà wà ní tọ̀sán-tòru.

Sátidé yìí

Ẹ kó kọ́bọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ. Èyí tó ti bà jẹ́, èyí tí ẹ ò lò tán, èyí tí orúkọ ẹni tó ti kú wà lára ẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kó o lọ sí kẹ́míìsì tó sún mọ́ yín. Wọ́n máa gbà á, wọn ò sì ní bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má dà á sínú ṣáláńgá, ẹ má jù ú sínú bíìnì. Àgbo tí Màmá mú wá, tí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún GP yín, torí ewé náà máa ń bá oògùn mìíràn jà.

Bí ẹ ṣe ń tò ó, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀: oògùn, ìwọ̀n, hóró, apàrora, àlòjù, ó ti mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn ní gbólóhùn kan tí ọmọ Àǹtí ìbá ti lò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ká ní ó mọ̀ pé àyè wà láti sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí nítorí yín.” Ẹ sọ fún wọn pé ọmọdé lè sọ ọ́ fún àgbà, kò sì sí ìgbáraga nínú ẹ̀.